Òwú Pupa Lára Ẹ̀rọ Ìyá Wa

“Ẹ gbé sílíńdà yẹn kúrò níbẹ̀, ó ń ba fọ́tò jẹ́.”

Bọ̀dá mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò pariwo, ẹni tó bá ti pẹ́ lórí àga ọ̀gá kì í pariwo mọ́. Ó kàn na ìka sí sílíńdà ọ́síjìn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ojú fèrèsé, bí ẹni ń na ìka sí ewúrẹ́ tó ṣìnà wọ pálọ̀. Lóòótọ́, sílíńdà náà ò lẹ́wà. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dógùn-ún, wọ́n sì fi báńdéèjì dì í lọ́rùn bí ẹni tí eéwo sọ. Ṣùgbọ́n rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ara rẹ̀ jáde, ó gba ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí kọjá, ó sì wọ imú obìnrin àgbàlagbà kan tó jókòó lórí ibùsùn náà, tó ti fi pọ́dà kun ojú, tó ń wò wá tẹ̀rín-tẹ̀rín.

“Ẹ̀yin ọ̀gá,” ni obìnrin náà wí, “bí ẹ bá ń gbé e lọ, ẹ má gbàgbé pé àjọrìn lèmi àti òun.”

Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé ayàwòrán ti gbé kámẹ́rà sójú.

Màmá Ojú Fèrèsé ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè é. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé, bí wọ́n bá ń ka ẹrù ilé ìwòsàn, wọ́n lè ka òun náà mọ́ àwọn fèrèsé. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló ń dà á láàmú, bí ti ìyá wa gẹ́lẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni ibùsùn àwọn méjèèjì wà títí ìyá wa fi kú níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà náà, bí mo bá jáde nílé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, mo máa ń yà kí i. Bọ̀dá ní mò ń fi àkókò ṣòfò. Ṣùgbọ́n ta ló tún kù tó lè sọ fún mi ohun tí ìyá mi ń sọ nígbà tí mi ò sí níbẹ̀?

Ìrántí ìyá wa náà ló kó gbogbo wa jọ lọ́jọ́ yìí. Bọ̀dá ra ẹ̀rọ ọ́síjìn fún wọ́ọ̀dù náà ní orúkọ rẹ̀: ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá, tó ń yọ ọ́síjìn sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún aláìsàn, tí kò nílò sílíńdà, iná mànàmáná nìkan ló ń jẹ. Ó dúró nítòsí ibùsùn Màmá, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó bí ìyàwó, wọ́n sì fi ríbọ́nù aláwọ̀ aró dì í níbàdí. Alága iléeṣẹ́ adójútòfò tí Bọ̀dá ti ń ṣiṣẹ́ ló máa ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Mi ò ní purọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n mi: ó sunkún nígbà tí ìyá wa kú. Ṣùgbọ́n ìgbà tí àga kan ṣófo nínú ìgbìmọ̀ olùdarí iléeṣẹ́ wọn ni ọ̀fọ̀ náà wá mú un gidi.

Wọ́n nílò aláìsàn kan tí wọ́n máa dán an wò lára rẹ̀ lójú àlejò. Mátírọ́ọ̀nù, àgbà nọ́ọ̀sì tó ń ṣàkóso wọ́ọ̀dù, ló yan Màmá Ojú Fèrèsé. Nínú àwọn tó kù, òmíràn ò lè jókòó, òmíràn ò léyín, òmíràn sì wà tí wọn ò mọ ohun tó lè tẹnu rẹ̀ jáde níwájú Alága.

“Ṣé o rí ayé?” ni Màmá wí fún mi nígbà tí mò ń bá a tún ìborí rẹ̀ wé. “Nígbà tí mo jẹ́ omidan, tí ọrùn mi ń dán, ẹnìkan ò ya fọ́tò mi. Ìgbà tó ku egungun ni wọ́n wá gbé kámẹ́rà dé.”

“Ṣé ẹ fẹ́ ṣe é lóòótọ́, Màmá?”

“Ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n ń rántí. Bí wọ́n bá ní kí n jó, màá jó. Ṣáà má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́.”

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni ìró táyà kéékèèké abẹ́ sílíńdà náà bó ṣe ń lọ. Mátírọ́ọ̀nù ti yọ rọ́bà Màmá lára rẹ̀, ó fi í kọ́ etí ibùsùn. Òṣìṣẹ́ kan tì í kọjá níwájú mi, gẹrẹrẹ, títí dé yàrá ìkẹ́rùsí tó wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ sí àpò àyà.

“Kí ni wọ́n máa fi mí báyìí?” ni mo bi Dókítà Àgbà, ẹni tí gbogbo ilé ìwòsàn náà wà lábẹ́ rẹ̀.

“Tíṣà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni,” ló fèsì. Ó ń tún táì rẹ̀ ṣe nínú dígí fèrèsé. “Alága ti wà nísàlẹ̀. Ìyàtọ̀ gbọ́dọ̀ hàn: sílíńdà lọ, ẹ̀rọ dé. Ìtàn ni fọ́tò ń sọ.”

Lóòótọ́ ni Alága wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni ńlá tó gun àtẹ̀gùn, ó gbọ́dọ̀ bọ àwọn ènìyàn lọ́wọ́, kó béèrè àlàáfíà ọmọ wọn, kó sì gbàgbé orúkọ wọn. Mo jókòó ti Màmá, mo dì í lọ́wọ́ mú, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Etí mi mọ iṣẹ́ yẹn dáadáa. Òun ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ́ láyé.

Aránṣọ ni ìyá wa. Kí n tó mọ̀wé kà ni mo ti mọ bí èémí ẹni tí àyà rẹ̀ ń dí ṣe ń dún: bí abẹ́rẹ́ tó ń gba inú aṣọ tó nípọn kọjá ni. Mi ò mọ ìyá mi láìsí àìsàn náà rí. Síbẹ̀ kò sí ọjọ́ tí a dé láti ilé ẹ̀kọ́ tí a ò bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tó ti bọ́jú, tó ti yarun, tó kó pínnì sẹ́nu. A máa kí i, á mirí, á fi ọwọ́ júwe ibi tí oúnjẹ wà. Ìgbà tó bá yọ pínnì kúrò lẹ́nu la máa ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kàn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ a máa yìn ín pé obìnrin tí kì í ṣòfófó ni, tí kì í fi ẹnu ṣeré lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé pínnì wọ̀nyẹn kì í ṣe ti aṣọ. Ìgbà tí èémí rẹ̀ ò bá tó fi sọ̀rọ̀ ló ń kó wọn sẹ́nu, kí ẹnikẹ́ni má baà bi í ní ìbéèrè, kí ẹ̀rù má baà ba àwa ọmọ.

Òwú pupa náà tún wà. Ohunkóhun tó bá lè já ni kulẹ̀ nínú ilé wa, ìyá wa á so òwú pupa mọ́ ọn: àpótí ìjókòó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, kẹ́tù tí ọwọ́ rẹ̀ ń yọ, fèrèsé tó máa ń dédé ṣubú lu ni lọ́wọ́. Kò ní èémí tó máa fi kìlọ̀ fún wa lójoojúmọ́. Òwú náà ló ń bá a kìlọ̀. Kókó méjì lórí ara wọn, ojóbó kan létí, irú èyí tí mi ò rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn rí. Nígbà kan, Bọ̀dá, tó ti gbọ́n ju òwú lọ láti kékeré, gun àpótí náà láti fi mú súgà lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Àpá rẹ̀ wà ní àgbọ̀n rẹ̀ di òní. Ó máa ń sọ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ pé ìdí bọ́ọ̀lù lòun ti gbà á.

“Ṣé wọ́n... ń bọ̀?” ni Màmá bi mí.

“Wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn.”

“Sọ fún wọn... kí wọ́n máa... fò.”

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò rí èémí gùn jáde. Mo wo èékánná rẹ̀. Wọ́n ti ń yí sí àwọ̀ aró.

Alága wọlé. Gbogbo wọ́ọ̀dù dìde, àfi àwọn tí kò lè dìde. Bọ̀dá yọ aṣọ ìnujú funfun tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ̀ fún un láàárọ̀, ó fi kan ojú kan, ó wò bóyá ayàwòrán rí i, ó sì fi kan ìkejì. Alága fa ríbọ́nù, aṣọ funfun sì ṣubú.

Ẹ̀rọ náà ń dán gbinrin. Àtẹ́wọ́ dún. Wọ́n ti lẹ orúkọ ìyá wa mọ́ iwájú rẹ̀, ti Bọ̀dá sì wà lókè rẹ̀ ní lẹ́tà tó fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ. Òórùn ọ̀dà tuntun gba inú yàrá, Màmá sì húkọ́.

Mo wò ó lókè, mo wò ó nísàlẹ̀. Lára irin tí wọ́n fi ń tì í, mo rí kókó kékeré kan tó wú lábẹ́ ọ̀dà, bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ. Ẹni tó kun ẹ̀rọ náà ò tilẹ̀ fi ọ̀bẹ ha á kúrò. Ó kàn kùn ún pọ̀ mọ́ irin ni. Kókó méjì lórí ara wọn, ojóbó kan létí. Nísàlẹ̀, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì ò dé, ó pupa.

Òwú ìyá wa ni.

Màmá ló ti sọ ìtàn ẹ̀rọ yẹn fún mi. Òun ni wọ́n gbé fún ìyá wa láwọn ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀. Bó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, á gbóná, á mí kanlẹ̀ bí àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àga jókòó, á sì dákẹ́. Ìyá wa so òwú mọ́ ọn kí ẹni tó bá tún máa lò ó lè mọ̀. Lọ́jọ́ tó kú, ẹ̀rọ náà ló kọ́kọ́ dákẹ́. Nígbà tí mo lọ béèrè, Dókítà Àgbà ní kí n má da ara mi láàmú, pé àwọn ti dà á nù. Wọn ò dà á nù. Láàárín òun àti agbaṣẹ́ṣe tí Bọ̀dá gbé iṣẹ́ rírà náà fún, wọ́n pín owó tó yẹ kí wọ́n fi ra tuntun, wọ́n sì kun ojú òkú.

Mo wo Màmá. Òun náà ti rí i. Ó kàn yí ojú láti ara irin náà sí mi, láti ọ̀dọ̀ mi sí ẹnu ọ̀nà tí sílíńdà rẹ̀ gbà lọ.

Mo wo Bọ̀dá. Ó wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ rẹ̀: “Ìyá tó fi gbogbo èémí rẹ̀ tọ́ wa...” Ojú rẹ̀ bọ́ sórí kókó náà. Ó dúró. Ọwọ́ rẹ̀ gòkè, ó lọ kan àgbọ̀n, níbi àpá. Mo ní nínú ara mi pé ó tán, ẹ̀gbọ́n mi ti mọ̀ ọ́n, Màmá ti bọ́. Ọwọ́ náà sọ̀kalẹ̀, ó lọ sórí irin, ó sì bo òwú náà mọ́lẹ̀.

“Ẹ dákun,” ló wí, “ọkàn mi ló wúwo.”

Kámẹ́rà kọ mànà.

Mátírọ́ọ̀nù so rọ́bà Màmá mọ́ ẹ̀rọ náà, ó tẹ ẹ́, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin. Díẹ̀díẹ̀, èékánná Màmá ń padà sí àwọ̀ wọn. Ìyẹn ló burú jù. Gbogbo ènìyàn rí i, wọ́n sì tún pàtẹ́wọ́.

Mo dìde. “Dókítà,” ni mo wí, “ẹ̀rọ yìí kì í ṣe tuntun. Òun lẹ lò fún ìyá wa. Bó bá gbóná, ó máa ń kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé sílíńdà padà.”

Dókítà Àgbà gbé ọwọ́ lé àyà, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Alága, ẹ fojú àánú wò ó. Ọmọ tó sún mọ́ ìyá rẹ̀ jù nìyí. Gbogbo ohun tó bá rí, ìyá rẹ̀ ló ń rí lára rẹ̀.”

“Ó ṣe o, ọmọ mi,” ni Alága wí. Obìnrin kan láàárín àwọn àlejò ń nu ojú. Ẹnìkan pàtẹ́wọ́ fún mi.

“Bọ̀dá, ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò níbẹ̀,” ni mo wí. “Ẹ ṣáà gbé e kúrò, kí wọ́n rí i.”

“Tíṣà,” ló wí jẹ́ẹ́jẹ́, ètè rẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira, “jẹ́ kí Alága lọ ná. Wọn ò ní pẹ́ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí o bá ní ká ṣe la máa ṣe.”

Mo lọ bá Mátírọ́ọ̀nù ní ìlà iwájú, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, mo tọrọ kọ́kọ́rọ́. Alága ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

“Lọ jókòó, àǹtí,” ló wí láì wo ojú mi. “Ta ló ń dìde nígbà tí Alága ń sọ̀rọ̀? Ṣé kí wọ́n ní èmi ni mi ò lẹ́kọ̀ọ́?”

“Màmá máa kú.”

“Ẹnu rẹ yẹn lo fẹ́ fi pa á. Ó ń mí àbí kò mí? Tẹ́tí sílẹ̀.”

Mo tẹ́tí sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà ni mò ń gbọ́. Ti Alága ń wá, ó ń lọ. Ó ń sọ pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni èémí, pé kò sí ẹni tó mọ iyì rẹ̀ tó àwa tó ń ṣe iṣẹ́ adójútòfò. Ohùn oyin náà wá di ohùn eṣinṣin nínú ìgò. Òórùn ọ̀dà tún dìde, ọ̀tọ̀ ni tọ̀tẹ̀ yìí, òórùn ọ̀dà tí iná ń jó. Mo rí Bọ̀dá tó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ lórí irin náà, bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò orí iná. Ó wo Alága, ó rẹ́rìn-ín, ó sì dá ọwọ́ padà síbẹ̀.

Ẹ̀rọ náà mí kanlẹ̀. Ó dákẹ́.

Alága rò pé wọ́n pa á kí ohùn òun lè já geere ni. Ó dúpẹ́, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Mi ò mọ ìgbà tí mo ki ọwọ́ bọ àpò àyà Mátírọ́ọ̀nù. Mo gbọ́ igbe, mo gbọ́ àga tó ṣubú. Mo sáré já sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àyà tèmi náà sì ti ń dún bí abẹ́rẹ́ nínú aṣọ tó nípọn, nítorí pé èmi ni mo jogún àyà ìyá wa. Bọ̀dá ló jogún ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ti tà á. Ìlẹ̀kùn ṣí. Mi ò rí sílíńdà. Páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò àwọn àlejò ni mo rí, wọ́n tò ó dé òrùlé, sílíńdà wà lẹ́yìn wọn níbi tí wọ́n ti tì í kan ògiri. Mo ń fà wọ́n lulẹ̀, ìgò ń fọ́, òṣìṣẹ́ tó gbé e wá níṣàájú sáré dé, ó bá mi fà. Kò bi mí ní nǹkan kan. Mo gbọ́ pé àtẹ́wọ́ ń dún lókèèrè.

Nígbà tí a tì í padà dé wọ́ọ̀dù, àwọn àlejò ti ń sọ̀kalẹ̀. Màmá ṣì jókòó bí wọ́n ṣe fi ìrọ̀rí gbé e ró fún fọ́tò. Ìborí rẹ̀ ò yẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló kọjú sí, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì ń wá aṣọ tó máa fi bò ó, kò rí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú aṣọ funfun tí wọ́n ṣí lójú ẹ̀rọ nílẹ̀, ó sì fi bò ó, pẹ̀lú ríbọ́nù rẹ̀.

“Àìsàn tó ti pẹ́ ni,” ni Dókítà Àgbà ń sọ fún Alága nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń pín ohun mímu. “Irú wọn, ìgbàkúùgbà ni. Ó tilẹ̀ dùn mọ́ wa pé ó jẹ ìgbádùn ẹ̀rọ náà kó tó lọ.”

Mo fi ẹjọ́ sùn níléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìlera. Ibi tí mo dé, wọ́n fún mi ní àga, wọ́n bá mi kẹ́dùn ìyá mi, wọ́n ní kí n mú wọn lọ wo òwú náà. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ti ha á kúrò, wọ́n sì ti tún irin náà kùn. Ó mọ́lẹ̀ kedere. Mátírọ́ọ̀nù bi mí bóyá mo máa ń rí oorun sùn dáadáa.

Bọ̀dá gba àga ìgbìmọ̀ olùdarí náà. Ó sọ pé kí n wá kí òun, mo lọ. Àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n mo ní láti dúró sinmi láàárín rẹ̀. Wọ́n ti sọ fọ́tò ọjọ́ náà di ńlá, wọ́n gbé e kọ́ sókè tẹlifíṣọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ ní gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń yìn ín: ẹ wo bó ṣe di irin yẹn mú, bí ẹni tó di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú pọ́dà lójú. Ìyàwó Bọ̀dá ní ojú ayàwòrán ló ń wò. Èmi mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ni.

Bọ̀dá gbọ́ bí mo ṣe ń mí. Ojú rẹ̀ yí padà, kì í sì í ṣe ti àfihàn. Kò sí kámẹ́rà níbẹ̀. Ó fà mí jókòó, ó tan fáànù sí mi.

“Ó ti dé sí ìwọ náà, àbí?” ló wí. “Má fòyà. Ìyà tó jẹ Ìyá kò ní jẹ ọ́. Mo ti bá Dókítà Àgbà sọ ọ́. Lọ́jọ́ tó bá ti le, o ò ní tò lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ Ìyá ni wọ́n máa gbé fún ọ ní tààrà.”

Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ọwọ́ náà gbóná.

Mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Mo wá èémí tí mo máa fi sọ ọ́, mi ò rí i. Àwọn ọmọ rẹ̀ sáré wọlé láti ilé ẹ̀kọ́, wọ́n kí mi, wọ́n dúró, wọ́n ń wo ẹnu mi. Mo mirí sí wọn, mo sì pa ètè dé, bí ẹni tó kó pínnì sẹ́nu.